Ojúlówó, Àwòṣe àti Ayédèrú: Ọ̀rọ̀ Lórí Awò Ìwòkèèrè Orí Ìbọn Àtijọ́

Àwọn àgbà a máa sọ pé òkèèrè ni olójú jíńjìn ti í mẹ́kún sun. Òwe yìí ń kọ́ wa pé ẹni tí ó mọ àbùkù ara rẹ̀ kì í dúró di ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó tó múra. Ojú ẹ̀dá ní àbùkù tirẹ̀: kò lè rí ohun tí ó jìnnà ní àrídájú. Ní nǹkan bí ọdún 1840 sókè, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Amẹ́ríkà múra sílẹ̀ de àbùkù yìí: wọ́n ṣe awò gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n gbé e lé orí ìbọn, ẹni tí ó wà ní ìkángun pápá sì dà bí ẹni tí ó dúró níwájú ilé. Ìtàn awò náà ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí, àti ìtàn àwọn tí ó ń wò ó ṣe lóde òní. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ìbọn ni mo ṣe ń sọ ọ́. Irú awò bẹ́ẹ̀ kan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di òpùrọ́ nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ní òkè òkun, ẹ̀kọ́ tí mo sì rí kọ́ níbẹ̀ kan gbogbo ẹni tí ó bá ń fi ohun àtijọ́ ṣe ẹ̀rí ìtàn, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà ṣe olùkọ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nìyí. Ní ọdún kejì tí mo lò ní ọ̀hún, mo ń kọ orí kan nínú ìwé àṣegboyè mi lórí bí àwọn atamátàsé ṣe jà nínú Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1861 tí ó sì parí ní 1865. Ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sí pápá tí àwọn olùfẹ́ ìbọn àtijọ́ ti ń ṣe ìdíje. Ìbọn tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ jọ ti ayé ijọ́un láti òkè délẹ̀, awò tẹ́ẹ́rẹ́ sì nà lé e lórí láti ìdí títí dé ẹnu. Mo fi ojú kan wo inú rẹ̀. Pátákó àmì tí ó wà ní 300 yáàdì mọ́ gaara lójú mi, àfi bí ẹni pé bí mo bá na ọwọ́ n óò kàn án. Mo padà délé, mo sì fi ìgboyà kọ ọ́ pé atamátàsé ọdún 1863 lè ka bọ́tìnnì ara ẹ̀wù ọ̀tá rẹ̀ láti òkèèrè, pé èmi fúnra mi ti fi ojú rí i. Nígbà tí olùkọ́ mi ka ibẹ̀, kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó béèrè pé, “Ojú ta ni o fi wò ó?” Mo ní, “Ojú tèmi ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n.” Ó ní, “Rárá. Ojú ẹni tí ó dán gíláàsì rẹ̀ lọ́dún tí ó kọjá ni o fi wò ó. Lọ mọ ohun tí o wò ná, kí o tó wá sọ ohun tí o rí.”

Ìbéèrè yìí ni ó lé mi jáde lọ wádìí. Kí èmi pẹ̀lú ẹ̀yin òǹkàwé lè jọ rìn ín dé ibi tí ó já sí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ìbọn tí à ń sọ. Ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa mọ̀ dáadáa, inú ọ̀pá rẹ̀ dán bọ̀rọ́ ni. A óò ki ẹ̀tù àti ọta láti ẹnu rẹ̀. Bí ọta bá ti ń jáde bọ̀, yóò máa gbún ògiri ọ̀pá lọ́tùn-ún lósì, tí ẹni tí ó yìn ín kò fi ní lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ibi tí yóò bà bí àmì bá jìnnà díẹ̀. Ráífù kò rí bẹ́ẹ̀. A fín ìlà lílọ́ sí inú ọ̀pá tirẹ̀. Àwọn ìlà náà ni ó ń mú ọta yí bí òkòtó, ohun tí ó bá sì ń yí bí òkòtó kì í tètè yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Àwọn baba wa náà jẹ́rìí sí ìyàtọ̀ yìí. Nínú Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí a sì tú ibùdó rẹ̀ ká ní 1893, àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tí ń gbé Èkó fi ráífù tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé wọn, Ìbàdàn sì jẹ ìyà rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n bí ìbọn bá lè ran ọta dé 500 yáàdì, ojú ńkọ́? Ibi tí ọwọ́ ìbọn dé, ojú ẹni tí ó gbé e kò dé ibẹ̀. Àlàfo tí ó wà láàrin ọwọ́ àti ojú yìí ni awò ìwòkèèrè wá dí.

Awò ìwòkèèrè fúnra rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Ní 1608 ni Hans Lipperhey, ẹni tí ń ṣe awò ojú ní Netherlands, bẹ ìjọba pé kí wọ́n fún òun ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ní 1609 ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ Galileo ní Ítálì, òun náà sì ti ṣe tirẹ̀ tí ó fi ń wo òṣùpá. Kí ló wá dé tí ó fi lé ní igba ọdún kí awò náà tó ráyè jókòó dáadáa lórí ìbọn? Ìdí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ìkíní, kò sí èrè nínú fífi awò sórí ìbọn tí ọta rẹ̀ ń ṣe ségesège. Èkejì, ìbọn a máa ta ẹni tí ó bá yìn ín, ohun tí ó bá sì wà lórí rẹ̀ ní láti lè gba ìtagìrì náà láìyẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta, gíláàsì kan ṣoṣo a máa pín ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ bí òṣùmàrè, tí ohun tí a ń wò yóò fi ní etí pupa àti etí búlúù bí aṣọ tí a gbá létí. Ní 1758 John Dollond gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lórí bí a ṣe ń pa gíláàsì oríṣi méjì pọ̀ kí èkejì lè tún àṣìṣe èkíní ṣe. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti là fún awò tí ó mọ́.

Ní ìpínlẹ̀ New York ni iṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. Ẹnjiníà kan tí ń jẹ́ John R. Chapman tẹ ìwé jáde ní 1848 lórí ráífù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nínú rẹ̀ ni ó sì ti ṣàlàyé awò ìwòkèèrè orí ìbọn. Morgan James, alágbẹ̀dẹ ìbọn ní ìlú Utica, ni ó ń ṣe awò náà, ìdí nìyí tí a fi ń pa orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀ tí a bá ń dárúkọ rẹ̀. Bí ó ti rí nìyí: ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ọ̀pá ìbọn gan-an, ìdè kan mú un mọ́ ẹ̀bá ẹnu ìbọn, òmíràn sì mú un mọ́ ìdí. Nínú rẹ̀ ni a na fọ́nrán méjì tí ó tín-ín-rín sí, tí wọ́n gba ara wọn kọjá bí àgbélébùú, orí ìkóríta wọn sì ni ayìnbọn yóò gbé àmì lé. Bí ó bá fẹ́ kí ọta lọ sókè tàbí sọ́tùn-ún, kì í ṣe fọ́nrán inú awò ni yóò yí. Gbogbo awò náà pátá ni yóò fi ìṣó lílọ́ sún, ní ibi ìdè rẹ̀.

Ẹni tí ó tún iṣẹ́ náà ṣe ju ti àwọn aṣíwájú rẹ̀ lọ ni William Malcolm ti ìlú Syracuse, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1855. Ó lo gíláàsì alápapọ̀ tí kì í mú etí aláwọ̀ wá, ó mú kí ìdè rẹ̀ ṣeé yí díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, ó sì ń ṣe awò tí ń sọ nǹkan di ńlá láti ìlọ́po 3 títí dé ìlọ́po 20. Orúkọ rẹ̀ ni ó kù lẹ́nu àwọn olùfẹ́ ìbọn àtijọ́ títí di òní. Ọwọ́ ni ó fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, kò sì sí ẹ̀rọ ńlá tí yóò tẹ ẹgbẹ̀rún awò jáde ní ìrí kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí irú awò bẹ́ẹ̀ lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Bí ọ̀pá awò kò bá fẹ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íńṣì kan lọ, gíláàsì iwájú rẹ̀ kò lè fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, èyí sì tó mìlímítà 19 péré. Ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ tí ń jáde sí ojú ẹni a máa fẹ̀ tó ìwọ̀n gíláàsì iwájú tí a fi ìlọ́po awò pín. Nítorí náà, bí awò náà bá ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 20, ìtànṣán tí yóò wọ ojú kò tó mìlímítà kan, bẹ́ẹ̀ ni ihò ẹyinjú ọ̀dọ́ lè ṣí tó mìlímítà 6 tàbí 7 nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Èyí já sí pé ọ̀sán gangan ni awò náà wúlò. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ojú lásán lè sàn jù ú lọ. Kò tán síbẹ̀. Gbogbo ojú gíláàsì tí kò ní ìbòrí a máa da nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Bí awò bá ní ojú gíláàsì 8, kìkì nǹkan bí ìdá 72 nínú 100 ni yóò dé ojú ẹni tí ń wò ó, ìyókù yóò sì máa ta sínú ọ̀pá, yóò máa sọ àwòrán di bàìbàì. Ní 1935 ni Alexander Smakula, tí ń ṣiṣẹ́ fún Zeiss ní Jámánì, rí ọ̀nà láti fi ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa ojú gíláàsì kí ó má baà máa da ìmọ́lẹ̀ padà mọ́. Malcolm kò mọ ìbòrí yìí, àwọn jagunjagun 1863 kò sì mọ̀ ọ́n.

Ó yẹ kí a tún bi ara wa pé: àwọn mélòó ni ó tilẹ̀ ní awò lójú ogun náà? Nínú àwòrán àti nínú eré sinimá, gbogbo atamátàsé ni ó ń fojú kan wo inú awò gígùn. Ìtàn kò wí bẹ́ẹ̀. Ní 1861 ni Hiram Berdan kó àwọn atamátàsé jọ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun Àríwá. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé ní láti yin ọta 10 láti 200 yáàdì, kí gbogbo rẹ̀ sì wà láàrin òbìrí tí ó fẹ̀ ní 10 íńṣì. Àwọn mìíràn gbé ìbọn ìdíje tiwọn láti ilé wá, tàwọn ti awò lórí. Ṣùgbọ́n irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lè wúwo tó 30 pọ́n-ùn. Ta ni yóò gbé e sáré nínú ẹrẹ̀? Ní 1862 a fún wọn ní ráífù Sharps, tí a ń ki láti ìdí, tí kò sì ní awò rárá bí kò ṣe irin kékeré tí a fi ń fojú sun àmì. Irin kékeré yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi jà, kìkì àwọn díẹ̀ ni ó di ìbọn wúwo mú fún iṣẹ́ àkànṣe.

Ní ìhà Gúúsù ẹ̀wẹ̀, ìbọn tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Whitworth. Joseph Whitworth ti ìlú Manchester ni ó ṣe é, ihò ọ̀pá rẹ̀ sì ní igun mẹ́fà dípò kí ó rí róbótó. Nígbà tí a dán an wò ní 1857, ó fi Enfield tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń lò sílẹ̀ jìnnà. Ní 1860, ní Wimbledon, Ọbabìnrin Victoria fa okùn tí a so mọ́ ọ̀kan tí a ti dè mọ́ orí irin; láti 400 yáàdì, ọta náà bà ní ibi tí kò ju íńṣì kan àti ìdá mẹ́rin lọ sí àárín gbùngbùn àmì. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìbọn yìí ni ó la òkun kọjá dé ọwọ́ àwọn ará Gúúsù. Lára ìwọ̀nba náà, díẹ̀ ni ó ní awò Davidson, awò kúkúrú tí a máa ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì ìbọn.

Ikú Ọ̀gágun John Sedgwick ti fi hàn bí ìtàn ṣe ń wú. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1864, ní Spotsylvania, ó rí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí ń bẹ̀rẹ̀ fún ọta tí ń ti òkèèrè bọ̀. Ó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé láti ibi jíjìn bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀tá kò lè yìnbọn ba erin pàápàá. Kò pẹ́ tí ọta kan bà á lójú, ó sì kú. Láti ìgbà náà ni a ti ń sọ ọ́ pé Whitworth tí ó ní awò ni ó pa á. Ju ẹnì kan lọ ni ó jáde lẹ́yìn ogun tí ó ní òun ni òun yìn ín. Àwọn òpìtàn kò fẹnu kò lórí bí ọ̀nà ti jìn tó, ẹ̀rí tí ó dájú kò sì fi ìbọn kan tàbí awò kan hàn wá. Síbẹ̀, ìtàn yìí ti ta awò àwòṣe púpọ̀ ju ìpolówó ọjà lọ. Ẹni tí ó ra awò náà rò pé ẹyinjú tí ó rí Sedgwick ni òun rà.

Lẹ́yìn ogun náà, ráífù àti awò di irinṣẹ́ àwọn ọdẹ ẹfọ̀n ní pápá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó lo awò, ṣùgbọ́n àwọn kan lo ti Malcolm ní àwọn ọdún 1870. Àwọn ẹfọ̀n tí a kì í lè kà tẹ́lẹ̀ nítorí ọ̀pọ̀ wọn kò tó 1000 mọ́ nínú igbó ilẹ̀ náà ní 1889, àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ tí ẹfọ̀n ń bọ́ tí ó sì ń wọ̀ láṣọ sì di ẹni tí ebi ń pa. Ẹni tí ó bá ń ra àwòṣe irinṣẹ́ wọ̀nyí lónìí kò gbọdọ̀ gbàgbé apá ìtàn yìí. Irin dídán a máa mú ojú kúrò lára ẹ̀jẹ̀.

Kí ló wá dé tí àwọn ènìyàn fi ń wá àwòṣe kiri? Nítorí pé ojúlówó ti di ọ̀wọ́n ni. Mo ti sọ ọ́ pé ọwọ́ ni a fi ń ṣe wọ́n. A tún máa ń ṣe òmíràn fún ìbọn kan pàtó, tí ìdè rẹ̀ kò fi ní bá ìbọn mìíràn mu. Ìpẹtà ti jẹ ọ̀pá irin wọn, oje igi tí a fi lẹ gíláàsì méjì pọ̀ ti pọ́n tàbí ó ti ṣú, fọ́nrán inú wọn sì ti já. Èyí tí ó kù dáadáa wà ní ilé ọnà tàbí lọ́wọ́ àwọn ọlọ́rọ̀, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tí yóò gbé irú rẹ̀ lé ìbọn tí ń ta ìpá lọ ṣeré ìdíje. Bẹ́ẹ̀ ni ìdíje ń pọ̀ sí i. Ní 1950 ni a dá North-South Skirmish Association sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn tí ń fi ìbọn ayé ogun náà díje. Nígbà tí ó sì di 1961 tí ogun náà pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ìfẹ́ àwọn ènìyàn sí i tún ru sókè. Àwọn alágbẹ̀dẹ ní àfonífojì Gardone Val Trompia ní Ítálì, bí Pedersoli tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1957 àti Uberti tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1959, ni ó wá ń wo ìbọn àtijọ́ ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìbọn àwòṣe ti wà, kò pẹ́ tí awò àwòṣe fi tẹ̀ lé e.

Nínú àwọn awò náà, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù ni èyí tí ilé-iṣẹ́ Hi-Lux ní Amẹ́ríkà fi orúkọ Malcolm pè. Ẹ wo ohun tí ó jọ ti àtijọ́ lára irú awò bẹ́ẹ̀: ọ̀pá rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íńṣì, ìdè rẹ̀ wà ní òde, gbogbo awò ni a sì ń sún bí a bá fẹ́ tún ibi tí ọta ń bà ṣe. Ẹ wá wo ohun tí kò jọ: gíláàsì rẹ̀ ní ìbòrí tí a kò mọ̀ kí ó tó di 1935. Ẹ̀rọ ni ó dán gíláàsì náà, ìkan kò sì yàtọ̀ sí èkejì. Àwọn tí ó ṣe é kò fi èyí pamọ́. Wọ́n ń fi í polówó ọjà wọn ni. Ayìnbọn tí ó rà á kò ní ẹjọ́, nítorí ohun tí ó ń wá ni awò tí òfin ìdíje gbà, tí ojú rẹ̀ yóò sì tún fi ríran. Èmi òpìtàn ni mo ní ẹjọ́. Mo wo aṣọ, mo rò pé mo ti rí ara.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà awò àtijọ́ ni bàìbàì inú rẹ̀, etí aláwọ̀ tí kò tán pátápátá, ojú pápá tóóró tí ènìyàn ń wá ọ̀tá rẹ̀ kiri nínú rẹ̀, àti fọ́nrán tí ó lè já nígbàkígbà. Àkísà yìí gan-an ni òpìtàn ń wá, òun náà gan-an sì ni ẹni tí ń ṣe àwòṣe máa ń kọ́kọ́ jù nù, nítorí pé kò sí oníbàárà tí ń fi owó ra àbùkù.

Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí a ya ọ̀nà mẹ́ta sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa. Ojúlówó ni ohun tí a ṣe ní àkókò tirẹ̀ fún ìlò àkókò náà. Àwòṣe ni ohun tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀, tí ó jọ ọ́ ní ọ̀nà kan tàbí òmíràn, tí ẹni tí ó ṣe é sì jẹ́wọ́ pé òun ni òun ṣe é. Ayédèrú ni àwòṣe tí ó sẹ́ ẹni tí ó bí i: a fi omi kíkan sọ irin rẹ̀ di ìpẹtà, a fín orúkọ olóògbé sí i lára, a sì tà á ní owó ojúlówó. Láàrin àwòṣe àti ayédèrú, ó lè jẹ́ pé kò sí ìyàtọ̀ kan lára irin wọn rárá. Inú ẹnu ẹni tí ń tà á ni ìyàtọ̀ wà. Àwòṣe pàápàá ní ipò. Nígbà tí Parker-Hale ti Birmingham ń ṣe àwòṣe Enfield ọdún 1853 ní àwọn ọdún 1970, òṣùwọ̀n tí a ti fi ń wọn ojúlówó ní ayé ijọ́un ni wọ́n lọ bá. Irú àwòṣe bẹ́ẹ̀ lè jẹ́rìí fún wa lórí ìwọ̀n, nítorí pé ìwọ̀n ni a wò ṣe. Èyí tí ó jẹ́ pé ìrí nìkan ni a wò ṣe, orí ìrí nìkan ni ó ti lè jẹ́rìí.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí olùkọ́ mi bi mí ní ìbéèrè yẹn, mo rí àyè wo inú ojúlówó kan ní ilé ọnà. Olùtọ́jú ibẹ̀ gbé e lé orí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, kò jẹ́ kí n fi ọwọ́ kàn án. Mo bẹ̀rẹ̀, mo sì fi ojú kan sí i. Fún ìgbà díẹ̀ n kò rí nǹkan kan. Bí mo bá sún orí sẹ́yìn díẹ̀, òkùnkùn. Bí mo bá sún un sí ẹ̀gbẹ́, òkùnkùn. Nígbà tí mo wá rí ojú rẹ̀, mo rí àyè róbótó kékeré kan, ó pọ́n bí omi tí a fi ewé tíì sí, ẹ̀ka igi kan sì wà láàrin rẹ̀. Ó súnmọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ní láti mú èémí dúró kí n tó lè di ẹ̀ka náà mú lójú. Mo mọ̀ dájú pé ọjọ́ orí ti ba díẹ̀ jẹ́ nínú rẹ̀, pé ó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ó wà ní titun. Síbẹ̀, mo lóye lọ́jọ́ náà pé sùúrù ọkùnrin tí ó fi irú nǹkan yìí jagun pọ̀ ju bí mo ti kọ ọ́ lọ, agbára awò rẹ̀ sì kéré ju bí mo ti kọ ọ́ lọ. Mo pa ojú ewé mẹ́fà rẹ́. Orí tí mo tún kọ kúrú ju ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n òun ni mo lè dúró lé lórí níwájú àwọn adánniwò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ìbọn Òyìnbó ni èyí, pé kò kàn wá. Ìbéèrè kan náà ti kan ilẹ̀kùn ilé wa rí. Ní 1910 Leo Frobenius, ará Jámánì, rí orí idẹ Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì fẹ́ gbé e lọ kí àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì tó dá a dúró. Ní 1949 àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó yẹ orí tí ó wà ní Ifẹ̀ wò kéde pé bí a ti rọ ọ́ kò jọ ti àtijọ́, pé àwòṣe ni. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí a fi ń kọ́ ara wa bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò mìíràn tí a tẹ̀ jáde ní 2013 wá tọ́ka sí i pé ojúlówó ni ó ṣeé ṣe kí orí náà jẹ́. Èmi pe àwòṣe ní ojúlówó. Àwọn yẹn ní tiwọn pe ohun tí ó jọ ojúlówó ní àwòṣe. Ọ̀nà méjèèjì ni a lè gbà ṣìnà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kó ọmọ lọ sí ilé ọnà, nígbà tí ẹ bá dúró níwájú ohun àtijọ́, tàbí ohun tí a ní ó jẹ́ àtijọ́, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni ó ṣe ọ́, nígbà wo? Kí ni a wò nígbà tí a ń ṣe ọ́: ìrí ni, ìwọ̀n ni, tàbí ìṣe? Èwo nínú àbùkù baba rẹ ni a mú kúrò lára rẹ? Ẹni tí ó bá rí ìdáhùn ìbéèrè kẹta lè lo àwòṣe láìsí ìbẹ̀rù, nítorí ó ti mọ ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ pin sí. Ẹni tí kò bá bi í yóò ṣe bí èmi ti ṣe: yóò wo ayé 1863 pẹ̀lú gíláàsì òde òní, yóò sì máa yà á lẹ́nu pé àwọn ará àtijọ́ ríran tó bẹ́ẹ̀.